Ológbò Agbẹnusọ

"Ológbò mi nìyẹn! Ológbò inú ilé mi lẹ gbé dání tí ẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ yẹn! Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Mo ní kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí n tó gun orí ìtàgé yẹn wá bá yín!"

Ohùn Aránṣọ ló gba gbogbo gbọ̀ngàn. Nọ́ọ̀sì àdúgbò, ọ̀kan lára àwọn eléré, tó há ológbò aláṣọ mọ́ abíyá, tó mú ìwé eré dání lọ́wọ́ kejì, dúró gbagidi bí ẹni tí ọlọ́pàá nawọ́ sí. Baba Ṣókí, olórí ẹgbẹ́ eléré, tó jókòó síwájú pẹ̀lú agogo kékeré lórí itan rẹ̀, sáré fọwọ́ bo agogo náà kó má lọ dún síjà tí wọn ò pè é sí. Àbúrò Aránṣọ, tó jẹ́ pé òun gan-an ló kọ eré náà, ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù.

"Ìwọ ni mò ń bá wí," Aránṣọ kọjú sí i. "Má wolẹ̀. Ilẹ̀ kọ́ ló kọ ọ́. Ta ló ní kó o lọ ṣa ọ̀rọ̀ ilé mi jọ, kó o wá fi dá aráyé lára yá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi."

"Àbúrò mi ni mo sọ ọ́ fún! Mi ò sọ ọ́ fún òǹkọ̀wé!"

"Ẹnì kan náà kọ́ ni wọ́n?"

"Láti òní lọ, wọ́n ti pínyà!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Nọ́ọ̀sì. Ó yáa fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ má tíì dá Aránṣọ lẹ́bi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán ológbò náà. Baba Ṣókí ló wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ní àwọn ń fẹ́ ológbò kan fún eré, kó tóbi tó ológbò gidi, kí wọ́n fi àjákù aṣọ kún inú rẹ̀. Kò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, Aránṣọ náà ò sì bi í. Ẹni tó sì jẹ́ pé ológbò kan ṣoṣo ló ń rí lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, èwo ni yóò rán? Ó mú aṣọ eléérú, ó fa ilà dúdú sí i lẹ́yìn, ó gé ìrù rẹ̀ kúrú, ó sì wá fi sísọ́ọ̀sì já etí òsì rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ajá ti bu etí òsì tilé jẹ. Iṣẹ́ náà wù ú débi pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí gbọ̀ngàn. Ó jókòó sẹ́yìn kó lè rí bí wọn yóò ṣe lò ó. Ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì gbé ológbò náà sókè, ó wò ó lójú, ó ní, "Músù, sọ fún bàbá ọmọ mi pé oúnjẹ ti délẹ̀."

Ara Aránṣọ bù máṣọ. Kò sí ilé mìíràn láyé yìí tí wọ́n ti ń sọ gbólóhùn yẹn, àfi tirẹ̀.

Aago ni ọkọ Aránṣọ ń tún ṣe. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju yàrá kékeré kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, tí aago ògiri ń ké níbẹ̀ láìsinmi, bí ẹni pé àwọn aago ni wọ́n ń bá a sọ ọ̀rọ̀ tí òun kì í sọ. Nígbà òjò tó kọjá, oníbàárà kan bínú mú aago ọwọ́ rẹ̀ padà wá, ó ní ó tún ti dúró. Aránṣọ wà níbẹ̀. Ó fẹ́ gbèjà ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ tí kì í dúró gba àṣẹ ló ṣáájú ọpọlọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń gbọ̀n."

Òótọ́ ni. Ọwọ́ náà ti ń gbọ̀n tipẹ́, ṣùgbọ́n inú ilé ni ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé, àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Oníbàárà wo ọwọ́ náà. Ọkọ Aránṣọ náà wò ó, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń gbé aago wá fi ń dín kù, ohùn ọkọ sì tán fún ìyàwó pátápátá. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ó bẹ àwọn àgbà sí i. Ọkọ ní kò sí nǹkan kan, ó ti tán nínú òun. Àwọn àgbà dúpẹ́, wọ́n súre, wọ́n jáde. Ọkọ yíjú sí ológbò tó ká jọ sórí àga, ó ní, "Músù, sọ fún ìyá ọmọ mi kó tilẹ̀kùn."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sílé ẹ̀kọ́ níbi tó jìnnà, kò sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè rán níṣẹ́ nínú ilé. Aránṣọ kọ́kọ́ ń dá ọkọ rẹ̀ lóhùn tààrà. Ọkùnrin náà á ṣe bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́. Nígbà tó pẹ́, inú bí obìnrin náà, òun náà kọjú sí ológbò. Ilé wá di ilé tí ọkọ ń bá ẹran sọ̀rọ̀, tí ìyàwó ń bá ẹran fèsì, tí ẹran jókòó láàárín wọn tó ń lá àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí adájọ́ tí ẹjọ́ sú.

Ohun tí Aránṣọ ń wá ò pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni. Kí ọkọ rẹ̀ kọjú sí i, kó sọ ọ̀rọ̀ kan fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú, kó ṣáà ti jẹ́ pé òun ló sọ ọ́ fún.

Àbúrò rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bó bá wá kí i lọ́jọ́ ìsinmi, Aránṣọ á máa ṣẹ́tí aṣọ, á máa ròyìn, á máa sín ọkọ jẹ, á máa sín ológbò jẹ, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gbé e mì. Ta ló wá mọ̀ pé àbúrò ń gbé tirẹ̀ pamọ́ sẹ́nu, tó ń lọ bì í sórí ìwé?

"Aránṣọ, ẹ jókòó," ni Baba Ṣókí wí.

"Mi ò jókòó."

"Ẹ dúró náà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi."

Nítorí àṣẹ méjì tó fi ń darí ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Baba Ṣókí. Èkíní, kò sí eré tó gbọ́dọ̀ gùn. Bí agogo rẹ̀ bá ti dún, bí o ti ń kú lọ́wọ́ lórí ìtàgé ni o, kó o yáa tètè kú ká ríbi jókòó. Ṣókí lọbẹ̀ oge, ni bàbá máa ń wí. Èkejì, wọn kì í ṣeré òkú òǹkọ̀wé níbẹ̀. Ó ní àwọn yẹn ti jẹun yó, ẹni tó ṣì ń mí ni kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹni tí èèyàn lè dúró dè lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn eré kó bú u lójúkojú. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, àwọn ará àdúgbò á kún gbọ̀ngàn náà, wọn á wo eré kúkúrú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kálukú á sì máa rí aládùúgbò rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ti wo onílé tó dúró síwájú dígí, tó ń kọ́ bí yóò ṣe lé ayálégbé tó ń bà á lẹ́rù jáde. Wọ́n ti wo ìyá méjì tí wọ́n ń fi àìsàn figagbága lórí ìlà dókítà, tí ara ẹni tó ṣẹ́gun yá lójijì nítorí ayọ̀. Wọ́n ti wo ọkùnrin tó ń bẹ irun tó kù lórí rẹ̀ pé kó má fòun sílẹ̀. Èyí tí ẹnì kan ń dá ṣe ni bàbá fẹ́ràn jù. Ó ní bí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n lè parọ́ fún ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀, ta ni yóò parọ́ fún?

"Ẹ jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì ṣe é délẹ̀," ló wí fún Aránṣọ. "Bí ẹ ò bá rẹ́rìn-ín, èmi fúnra mi ni màá fa ìwé yẹn ya, ẹ ó sì gbé ológbò yín máa lọ sílé."

"Mi ò ní rẹ́rìn-ín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì, ó yá."

Aránṣọ jókòó tìbínú-tìbínú, ó ká apá mọ́ àyà, ó di ojú bí ilẹ̀kùn bánkì lọ́jọ́ ìsinmi.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ ṣì ń bẹ̀rù. "Músù, sọ fún bàbá ọmọ mi pé oúnjẹ ti délẹ̀. Kí ló wí? Ó ní ebi ò pa òun? Sọ fún un pé kì í ṣe ebi ni mo pè é sí, oúnjẹ ni. Kí ló tún wí? Ó ní iyọ̀ àná pọ̀? Músù, má ṣe àfikún o. Mo mọ ọkọ mi, kì í sọ tó gbólóhùn méjì. Èkejì yẹn, tìẹ ni. Ìwọ lo fẹ́ràn ẹja."

Aránṣọ fún ètè mọ́ra.

"Àná, mo rán an pé kó sọ fún ọkọ mi pé mi ò rí oorun sùn. Ó rìn lọ, ó dúró níwájú ọkọ mi, ó yán. Ọkọ mi ní, 'Mo ti gbọ́.' Kí ló gbọ́? Ẹ̀yin ará, kí ló gbọ́? Èèyàn ò gbọ́ tèmi láti ọjọ́ yìí, ó gbọ́ ti ẹni tó yán! Ó tún ti ń bẹ̀rẹ̀ agídí báyìí. Bí mo bá ń rán an níṣẹ́, á wo ìṣasùn ná. Agbẹnusọ ń gba rìbá! Nínú ilé ara mi, kí n tó lè sọ fún ọkọ mi pé òjò ń bọ̀ wá pa aṣọ rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ẹran ní ẹran!"

Ohùn kan bú jáde lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Aránṣọ yíjú wo ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà gba imú jáde. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó ń lu itan rẹ̀, ó ń wí pé, "Yéè, mo kú o, ó yán!" Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú. Nínú ilé, kò sígbà kan tí ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín tí kò ro ó ní àyà lẹ́sẹ̀ kan náà. Àmọ́ lórí ìtàgé yìí, obìnrin kan tó jẹ́ òun, tí kì í sì í ṣe òun, ń rù ú fún un.

Nọ́ọ̀sì sọ̀kalẹ̀, ó na ológbò sí i. "Ẹ gbà."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Iṣẹ́ náà ni. Mi ò lè ṣeré yín lójú yín. Ẹ ti rí mi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi? Èmi tí mò ń ran bùbá, kí n gun ìtàgé?"

Àbúrò rẹ̀ rí ọ̀nà, ó yọjú. "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ọjọ́ ìsinmi lẹ ń gun ún. Èmi nìkan ni òǹwòran."

"Ìwọ, mi ò tíì bá ọ parí ìjà."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Dákẹ́."

Ó sì gba ológbò náà.

Ìyókù ọ̀sẹ̀ náà, bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, gbọ̀ngàn ló ń gbà lọ. Ọ̀rọ̀ ò le fún un. Tirẹ̀ náà kọ́? Ìparí ló di wàhálà. Bí àbúrò rẹ̀ ṣe kọ ọ́ ni pé obìnrin náà á dákẹ́, á gbé ológbò sílẹ̀, Baba Ṣókí á wá fi ohùn ọkùnrin sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé pé, "Ìyá ọmọ mi, o kú ilé." Obìnrin á fò sókè, á wo ológbò, á ní, "Músù, ṣé o gbọ́? Wọ́n ti lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́!" Ó parí.

"Irọ́ ni," Aránṣọ wí.

"Àwàdà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn èèyàn fẹ́ fi ẹ̀rín lọ sílé."

"Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, o wá lọ fi irọ́ dé e lórí bí ìgbà tí wọ́n fi ìdérí ìkòkò kan dé òmíràn. Mo mọ ilé mi. Ohùn yẹn ò jáde níbẹ̀."

"Báwo ni kó ṣe parí?"

Aránṣọ ń fa òwú kan yọ létí ológbò. "Mi ò tíì mọ̀," ló wí. "Jẹ́ kí n lọ wò ó."

Ọjọ́ tó ku ọ̀la eré, ó tètè délé. Ọkọ rẹ̀ jókòó sí yàrá aago, ó fi awò kékeré sí ojú kan, ó fi ìdí ọwọ́ ọ̀tún ti orí tábìlì kó má baà gbọ̀n. Irin kékeré tó fẹ́ fi sínú aago bọ́. Ó ṣà á. Ó tún bọ́. Aránṣọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ tirẹ̀ ń yún un. Ọwọ́ tó ń ki òwú bọ inú abẹ́rẹ́ láìwò ó, ìṣẹ́jú kan ni yóò fi gbé irin yẹn síbi tó yẹ.

"Bàbá ọmọ mi," ló wí.

Aago ń ké. Ọkùnrin náà ò gbórí sókè.

"Bàbá ọmọ mi, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni o, kì í ṣe ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí n wá ṣeré kan lọ́la ní gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ ilé wa wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ọwọ́ níbẹ̀, mi ò jẹ́ mẹ́nu bà á mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n má ṣe é, mi ò ní ṣe é. Ẹ kàn ní, 'Má ṣe é.' Ọ̀rọ̀ kékeré náà tó. Màá jókòó sílé."

Ọkùnrin náà yọ awò lójú. Ó nu awò. Ó pẹ́ tó fi nù ún. Ológbò wọlé ní tirẹ̀, ó fi ara nu ẹsẹ̀ àga, ó jókòó sáàárín wọn.

"Músù," ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. "Sọ fún ìyá ọmọ mi pé mo ti gbọ́."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ológbò náà kúrò lórí ilẹ̀, ó gbé e jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kọ́kọ́ ṣeré bábà tó ń fá orí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àga kan ṣoṣo sórí ìtàgé, Aránṣọ sì jáde pẹ̀lú ológbò aláṣọ lábíyá. Aṣọ ilé tó máa ń wọ̀ ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ni ó wọ̀. Àwọn kan tó mọ̀ ọ́n kígbe pé, "Aránṣọ wa!" Kò rẹ́rìn-ín sí wọn. Ó jókòó, ó gbé ológbò lé itan, ó gbọ̀n ìrù rẹ̀ nù bí ẹni ń gbọ̀n aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Músù, sọ fún bàbá ọmọ mi pé oúnjẹ ti délẹ̀."

Ẹ̀rín àkọ́kọ́ kéré. Nígbà tó dé ibi tí ológbò ti yán, àga ń ké lábẹ́ àwọn èèyàn. Obìnrin kan níwájú ń gbá ọkọ rẹ̀ lápá, ó ń wí pé, "Ìwọ nìyẹn, ìwọ nìyẹn!" Ọkọ ń wí pé, "Ṣé èmi ní ológbò ni?" Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àbúrò Aránṣọ ń ka ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé e lórí ìwé, ètè rẹ̀ ń mì.

"Lọ́jọ́ kan, Músù ò wálé," Aránṣọ ń bá a lọ. "Gáàsì ti tán, èmi mọ̀, ọkọ mi ò mọ̀. Ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́, ọkọ mi mọ̀, èmi ò mọ̀. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe? Agbẹnusọ lọ síbi àfẹ́! A jọ jáde sẹ́yìnkùlé, èmi lápá ọ̀tún, òun lápá òsì. 'Músù! Músù o!' Àwọn aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, 'Ẹ wo tọkọtaya yìí, ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹran wọn! Ẹ wo bí ẹnu wọn ṣe kò!'"

Gbọ̀ngàn hó. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò bọ́ síbẹ̀. Ó dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀.

"Bí a ṣe ń wá a kiri, a pàdé lẹ́yìn ilé, níbi tí à ń sá aṣọ sí. Aṣọ kan ló wà láàárín wa. Mo gbé e sápá kan. Ó wò mí. Ó ti pẹ́ tó ti wò mí kẹ́yìn, mo ti gbàgbé pé ojú rẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là báyìí, díẹ̀. Mo ní nínú mi pé, ó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ mi ń bọ̀."

Àbúrò rẹ̀ ń ṣí ìwé síwájú, ó ń ṣí i sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sọ èyí fún un rí.

"Ìgbà náà ni ológbò bẹ́ jáde látorí ògiri." Aránṣọ gbé ti aṣọ sókè, ó wò ó lójú. "Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò bá bá mi lé e padà."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fọn imú. Agogo yẹ kó ti dún; Baba Ṣókí, tó ti bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé láti wá sọ gbólóhùn ìparí, fi agogo sápò. Ó wú ikọ́ jẹ́jẹ́, ó tún ohùn ṣe, ó la ẹnu.

"Ẹ jọ̀ọ́."

Ohùn náà ò wá láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló ti wá. Ọkùnrin kan dìde níbẹ̀, ó bọ́ fìlà dání, ó tẹ̀ ba ẹni tó jókòó tì í, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ti dákẹ́ débi pé ìsọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ rẹ̀ dé iwájú: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyá ọmọ mi pé ó ti tó. Kó sọ̀ kalẹ̀, ká máa lọ sílé."

Ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn ya! Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń fò. Wọ́n ní a ò rí irú rẹ̀ rí, wọ́n ní wọ́n fi eléré pamọ́ sáàárín wa! Ẹni tó jókòó tì í ń gbá a lẹ́yìn, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀: "Ẹ sọ ọ́ fún un fúnra yín, bàbá! Ẹ sọ ọ́ fún un fúnra yín!" Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i: "Fúnra yín! Fúnra yín!"

Ọkùnrin náà dúró láàárín ariwo náà, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, fìlà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, tòun ti fìlà.

Aránṣọ dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtàgé, ó gba àárín àga kọjá, ológbò aláṣọ wà lápá rẹ̀ bí ọmọ tó ti sùn. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn ni àtẹ́wọ́ ń kú lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń rí ojú rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ẹ̀yìn, èémí àwọn èèyàn nìkan lo lè gbọ́. Ó dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Èmi rèé, bàbá ọmọ mi. Mo ti sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí ẹ rán wọn. Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ọkùnrin náà wò ó. Ojú yẹn ni, ojú ẹ̀yìn ilé. Ẹnu rẹ̀ là, díẹ̀. Àbúrò Aránṣọ ti jáde síwájú aṣọ ìkélé, ó di ìwé mọ́ àyà. Baba Ṣókí di aṣọ ìkélé mú.

"Ọ̀rọ̀ kan," Aránṣọ wí. "Èyí tó bá wù yín. Kódà kẹ́ ẹ bú mi."

Ojú ọkùnrin náà kúrò lójú ìyàwó rẹ̀, ó rọra ń bọ̀ nílẹ̀, títí ó fi bà lé etí jíjá ológbò tó yọ lábẹ́ apá obìnrin náà.

"Músù," ló wí.

Aránṣọ fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì yọ nínú àpò, ó tẹ́ wọn, ó gbé ológbò aláṣọ náà lé wọn lórí.

"Ẹ gbà, bàbá ọmọ mi. Ìyàwó yín rèé."